Ẹ̀rí Ìyá Bùsọ́lá àti Ipò Kínní Orí Fóònù

Ṣọ́ọ̀bù rẹ,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án.

Ìbíyẹmí, Àṣàkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí dírẹ́bà bá ti na àpòòwé yìí sí ọ ní Ìbàdàn níbi tí o ti lọ gba ẹ̀kọ́ sí i, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti kú nílé. Kò sí ẹni tó kú. Ewúrẹ́ ló kú, mẹ́rin, bóyá wọ́n ti di márùn-ún nísinsìnyí, n óò sì dé orí wọn. Ara mi le. Ara màmá rẹ náà le, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o máa jẹun àárọ̀.

Ìdí tí n kò fi pè ọ́ ni pé lórí fóònù, ìwọ ni olùkọ́, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá ti ń fa ọ̀rọ̀ bọ̀, wàá ní, "Bàbá, ó ti yé mi, a ti fẹ́ wọ kíláàsì," ó parí. Lẹ́tà kò ṣeé já lu báyẹn. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó, kí o kà á tán kí o tó bínú.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fi í síwájú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má fi kókó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí ìparí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ipò kínní tí ṣọ́ọ̀bù rẹ gbà lórí ẹ̀rọ ìwádìí, èyí tí ẹ máa ń bi ní ìbéèrè lórí fóònù. Ìwọ ń yọ̀ sí i. Èmi náà yọ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtìjú mi kò ti pọ̀, kí n lè ní agbára dé ibi tó gbóná.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí o ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, tí o ní o fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa rí i lórí fóònù, mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ni yóò fi fóònù wá dókítà ẹran ní Ìkọ̀lé yìí? Ṣé kò sí ẹnu ni?" Mo tún fi agídí kọ pátákó rẹ ní ULÉ ÌWÒSÀN ẸRAN. O ní, "Bàbá, 'ilé' ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀." Mo sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka-èdè wa, lórí ulé àti uṣẹ́ àti uṣu, títí ọbẹ̀ fi tutù níwájú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó rí wa. Ẹ̀rọ náà kò mọ ulé, kò sì bìkítà fún àmì ohùn. Ẹni tó bá béèrè dókítà ẹran ní Ìrèlé tiwa níbí, Ìrèlé ti Oǹdó ló ń júwe fún un.

O fi ọgbọ́n tún orúkọ náà kọ lórí fóònù, o fi pátákó sílẹ̀ fún mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò pẹ́, olùkọ́ yunifásítì kan wọlé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, gbogbo Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì fi kí mi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Mo bi í bí ó ṣe mọ ibí, ó na fóònù sí mi. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé òmùgọ̀ ni mí.

Nítorí náà, má ṣe ka lẹ́tà yìí bí ìwé àgbàlagbà tí ó kórìíra ohun tuntun. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n rí ọ. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè, fóònù ni aládùúgbò wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti lókè òkun, tí ìyá wọn ń pè pé ẹran ń kú, kò sí ẹni tí wọ́n mọ̀ nílé mọ́ tí wọ́n lè bi. Fóònù ni wọ́n máa bi, ẹni tó bá wà lókè ni wọ́n máa pè. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á rò pé kò sí láyé.

Ṣùgbọ́n tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tó ń fi fóònù wá wa ni àwọn tí kò ní ẹlòmíràn láti bi. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí pé o ní kí n máa bá ọ gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn oníbàárà, kí n sì bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ẹ̀rí àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀yẹ́ ló fún mi. Ó ní, "Ó ṣe é dáadáa. Ẹ ṣeun." Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Ó dùn mí, nítorí ọdún márùndínlógójì ni mo fi máàkì àròkọ, àròkọ ọlọ́rọ̀ mẹ́fà kò rí máàkì gbà lọ́wọ́ mi rí. Èkejì ni ìyàwó pásítọ̀ kan láti Ìdó, tó ní ehoro òun ti ń jẹun padà. Mo fi kún un pé obìnrin náà sunkún ayọ̀. Kò sunkún. Ó ń wá ṣéńjì nínú báàgì rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, ọmọ mi, èmi nìkan ni mo kọ ọ́. Òjò ń rọ̀, kò sí ẹni tó wọlé. Ọkùnrin tí o ní kó wá bá wa gbé ṣọ́ọ̀bù sókè lórí fóònù, èyí tó ní kí n má pe òun ní ọ̀gbẹ́ni, pé kọ́ńsọ́tántì ni òun, ti sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹ̀rọ fẹ́ràn ẹ̀rí tí orúkọ ìlú àti orúkọ àìsàn bá wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú táì lọ́rùn nínú ooru yẹn, ó ní, "Bàbá, láyé ìsinsìnyí, bí ẹ ò bá sí lójú ewé àkọ́kọ́, òkú ni yín."

Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ńkọ́, ojú ewé kélòó lo wà?"

Ó ní òun ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí tòun.

Mo fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo sì ṣe ohun tó wí. Mo hùmọ̀ obìnrin kan. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Bùsọ́lá, mo fi í sí Òkè-Àkò, mo fún un ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án. Mo mú kí imú gbogbo wọn máa ṣàn, kí wọ́n máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Mo ní dókítà dé lọ́jọ́ náà gan-an, ó fún wọn ní oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti wà nínú oko olóko. Mo tilẹ̀ rò pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fún ṣọ́ọ̀bù wa ní ìràwọ̀ márùn-ún, máàkì tó ga jù lórí fóònù. Fóònù kò bi mí bóyá èmi ni Ìyá Bùsọ́lá.

Lọ́sẹ̀ yẹn a gòkè. O pè mí, o ń pariwo, "Bàbá, a ti gba ipò kínní!" Mo bi ọ́ bóyá o ti ka àwọn ẹ̀rí náà, o ní kò sí àyè, pé kí ìràwọ̀ ṣáà ti pọ̀. Ìwọ ka iye ìràwọ̀, o kò ka ọ̀rọ̀. Bí o bá ka ọ̀rọ̀ ni, ìwọ dókítà ì bá ti rí ohun tí èmi tíṣà kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mọ́tò kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin àgbà kan sọ̀kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ewúrẹ́ méjì wà níbẹ̀ lórí àpò, wọn kò lè gbé orí. Ó ní Màmá Àbíọ́dún ni òun, láti Òkè-Àkò.

Ìlú tí mo fi Ìyá Bùsọ́lá sí nìyẹn.

Ó ní, "Àbíọ́dún tó wà l'Ékòó ló rí yín nínú fóònù. Ó ní ẹ̀yin lẹ wà lókè pátápátá. Ẹ bá mi fún wọn ní oògùn tí ẹ fún ewúrẹ́ Ìyá Bùsọ́lá."

Mo ní dókítà kò sí nílé, pé n óò pè é. Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ kẹfà rè é. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́rin ti lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran lápá ọ̀dọ̀ wa ní kí n tètè ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀. Mo fẹ́ ṣe é o. Àbíọ́dún wá ka ẹ̀rí Ìyá Bùsọ́lá yẹn fún mi lórí fóònù. Mo ní kí ni mo ń fi ọgbà méjì da ara mi láàmú sí? Oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣáà ni. Mo wá ń dúró de ọjọ́ tí mọ́tò máa wà."

Ìgbà náà ni mo jáde síta láti pè ọ́. O sọ fún mi pé kò sí oògùn tó ń pa àrùn yẹn, abẹ́rẹ́ tí à ń gún kí ó tó dé ló wà; kí obìnrin náà ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an; kí n fún àwọn tó ń ṣàìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, pẹ̀lú oògùn inú ìgò aláwọ̀ búlúù fún àìsàn tó máa ń gun orí rẹ̀. O bi mí pé, "Bàbá, ta ló sọ fún un pé oògùn wà?" Mo ní, "Àwọn ènìyàn ló ń sọ káàkiri." Ìbíyẹmí, èmi ni àwọn ènìyàn náà.

Mo wọlé, mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Obìnrin náà gbọ́ pé kò sí oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò pariwo. Ó kàn ń wò mí. Ó ní, "Kí ni wọ́n wá fún ti Ìyá Bùsọ́lá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìgò oògùn padà sí ààyè wọn.

"Ẹ bá mi pè é lórí fóònù. Kí n bi í fúnra mi. Mo ti rò ó títí nínú mọ́tò. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, ní Òkè-Àkò, tí n kò mọ̀? Èmi tí mo mọ ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ ìyàwó kátíkísì! Àbí ó wà lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dáko lọ́hùn-ún ni?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ulé wọn ńkọ́?"

Mo ní ó ti rìnrìn àjò, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Bùsọ́lá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bùsọ́lá."

Mo dá a lóhùn bí ẹni pé ojú mi ni wọ́n ṣe sọ Bùsọ́lá lórúkọ. Ó mi orí. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí n bá òun wá nọ́ńbà Bùsọ́lá sílẹ̀. Ó tún yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ò lè purọ́ fún arúgbó ẹgbẹ́ yín." N kò mọ̀ bóyá ìdúpẹ́ ni tàbí òkò ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi.

O lè rò pé mo ń ṣe àṣejù, pé ewúrẹ́ ni. Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí màmá rẹ nìkan mọ̀.

Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì, Fẹ̀hìntọ́lá. Ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò bí iṣẹ́ ọnà. Olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ó rí ẹni kínní tí yóò mú un mi orí. Mo fi máàkì àròkọ gbé Fẹ̀hìntọ́lá kọjá àwọn mẹ́fà tó mọ ìṣirò jù ú lọ. Olùbẹ̀wò mi orí lóòótọ́. Ó ní kí á fi ọmọ náà ṣọwọ́ sí ìdánwò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní Adó. Ipò tí mo fún un ló gbé e lọ. Ó jókòó ti ìwé ìṣirò láti àárọ̀ títí wọ́n fi gba ìwé, kò kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò bínú. Ó ní, "Tíṣà, ẹni kínní wo lẹ ní kó jẹ́?" Ọmọ náà kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó ní gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan, àfi òun.

Mo ti tò ju ẹgbẹ̀rún ọmọ lọ láti ipò kínní dé ìkẹyìn lẹ́yìn ìyẹn, n kò tún fi ọwọ́ kan máàkì ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ òjò yẹn. Ojú tí ìyá Fẹ̀hìntọ́lá fi wò mí náà ni Màmá Àbíọ́dún fi wò mí.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀.

Èkínní, jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lórí fóònù nípa rẹ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè dé ibí kó bá. Àkókò tí o ń ṣílẹ̀kùn, kí ó jẹ́ àkókò tí ilẹ̀kùn ń ṣí. Nọ́ńbà fóònù, kí ó jẹ́ èyí tí wàá gbé. Ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù bó ṣe rí, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tó ń mì lẹ́sẹ̀ kan. Kọ Ìkọ̀lé-Èkìtì pé, kọ Ìrèlé-Èkìtì pé, kí àwọn ará Oǹdó má bàa máa gba oníbàárà wa. Mo mọ̀ pé ìwọ̀nyí náà máa ń gbé ènìyàn gòkè díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà ni kí ó jẹ́.

Èkejì, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, pàápàá bàbá rẹ, bá oníbàárà kọ ọ̀rọ̀ ju ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Olùkọ́ yunifásítì alájá yẹn kọ ẹ̀rí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní o yẹ ajá náà wò, o ní kò sí ohun tó ṣe é, o kò ta nǹkan kan fún un, o ní kí ó máa lọ sílé. Ó fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́rin nítorí bẹ́ǹṣì. Mo bínú sí ìràwọ̀ kan tó dín yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nísinsìnyí, bí mo bá ní agbára lórí ẹ̀rọ náà, òun nìkan ni mo máa gbé sókè.

Ẹ̀kẹta, ìwọ tí o mọ̀ nípa oògùn ni kí o máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní oògùn nínú kí ó tó jáde. Bí wọ́n bá purọ́ nípa bẹ́ǹṣì, ìdí ènìyàn ni yóò máa dùn ún. Irọ́ nípa oògùn, o ti rí i.

Òmíràn wà tí n kò mọ nọ́ńbà tí mo lè fún un, torí ẹ̀bẹ̀ ni. Kọ́ńsọ́tántì yẹn sọ fún mi lánàá pé ìwọ àti òun ti fẹnu kò, pé bí o bá ti dé òun yóò gbé igba ẹ̀rí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun yóò fi àmì ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀yẹ́ àti Ìdó pẹ̀lú lórí máàpù inú fóònù, níbi tí a kò ti ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà tó sọ ọ́ ni mo ti ń rí ẹnì kan lójú mi, tó dúró pẹ̀lú màlúù tí kò lè dìde, níwájú igbó kan ní Ìdó, tó ń wo fóònù, tó ń wo igbó. Igba Ìyá Bùsọ́lá, Àṣàkẹ́! Ọ̀kan péré ló sọ mí di báyìí. Mo bẹ̀ ọ́, pè é kí o tó kúrò ní Ìbàdàn, sọ fún un pé kó má ṣe é mọ́. Bó bá ní òkú ni wá, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kó jẹ́ kí á kú.

Láàárọ̀ yìí mo pa ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ rẹ́. Mo pa ti ọlọ́rọ̀ mẹ́fà náà rẹ́, kí ọkùnrin náà lè wá kọ tirẹ̀ bó bá wù ú. Ó ṣeé ṣe kí a já wálẹ̀ kí o tó dé, kí o máa wá orúkọ rẹ kí o má rí i. Èyí ń bà mí lẹ́rù fún ọ gan-an, nítorí mo mọ iye òru tí o fi kàwé kí o tó ní pátákó. Bí a bá já, èmi ni kí o bínú sí. Má ṣe tún ohunkóhun gùn láti gòkè.

Lọ́la, Ọjọ́rú, n óò wọ mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Òkè-Àkò. N kò fẹ́ dúró kí arúgbó náà tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá irọ́ mi wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá bi ènìyàn ní ẹnu ibùdókọ̀, wọ́n á júwe ulé rẹ̀ fún mi. N kò nílò fóònù. N kò mọ ewúrẹ́ mélòó ni n óò bá láàyè. N kò mọ̀ bóyá yóò ní kí n jókòó. Ó lè ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ìlú, kí ó sì dé Ìkọ̀lé kí èmi tó dé. Kò sí bí mo ṣe lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ lórí rẹ̀, má gbèjà mi, má sì sọ pé o mọ̀. Sọ pé òótọ́ ni, pé bàbá rẹ ló ṣe é.

Àtàárọ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ tí n óò sọ kọ́ra, bí ọmọ tó fẹ́ kéwì níwájú àwọn òbí. Mo ti kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìwé yìí, mo ń pa á rẹ́, nítorí ó ń gùn, ó ń ní àwíjàre nínú. Kò wá gùn ju àròkọ ọkùnrin aládìyẹ Ọ̀yẹ́ lọ mọ́. N óò kí i, n óò kúnlẹ̀ bí orúnkún bá gbà fún mi, n óò sì sọ pé: "Màmá Àbíọ́dún, èmi ni Ìyá Bùsọ́lá."

Gbàdúrà fún mi kí ohùn mi má gbọ̀n.

Bàbá rẹ ni,
lórí bẹ́ǹṣì tó ń mì.